Àlùbọ́sà Tí Kì Í Ta: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yan Án Pẹ̀lú Wàràkàṣì ní Georgia

Omi ló ba iṣẹ́ mi jẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn Àjíǹde ni, ní gbọ̀ngàn ìjọ kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ń gbé àwo oúnjẹ kan wá kí gbogbo ìjọ lè jọ jẹun lẹ́yìn ìsìn. Èmi náà gbé àlùbọ́sà tí mo yan pẹ̀lú wàràkàṣì lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n dáadáa, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n bí ẹni àkọ́kọ́ ti ti ṣíbí bọ̀ ọ́, omi ru jáde lábẹ́ rẹ̀. Àlùbọ́sà wà lọ́tọ̀, wàràkàṣì wà lọ́tọ̀, omi ṣooro sì dúró sáàárín wọn. Màmá àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí bu díẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú sùúrù, wọ́n wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Wọ́n ní àlùbọ́sà tí mo rà dára, bọ́tà mi pé, ṣùgbọ́n n ò tíì bá omi inú àlùbọ́sà ṣe àdéhùn ibi tí yóò gbà.

Ojú tí màmá náà fi wo oúnjẹ yìí ni èmi náà fi ń wò ó láti ọjọ́ yẹn. Nínú àlùbọ́sà, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹni tó bá rẹ́ kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀ sínú àwo, ó lé ní lítà omi kan tó dà síbẹ̀, bí kò tilẹ̀ fojú rí ẹ̀kán kan. Bọ́tà, ìrẹsì, bísíkítì, wàràkàṣì, àti ìṣẹ́jú tí a fi ń dúró kí a tó bù ú, kò sí èyí tí kò kan omi yìí nínú wọn.

Nílé wa, àlùbọ́sà kì í dá jókòó. Orúkọ rẹ̀ ń sọ ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa: àwọn Haúsá ń pè é ní albasa, àwọn náà sì gbà á lọ́wọ́ èdè Lárúbáwá. Òun la kọ́kọ́ ń dà sínú epo gbígbóná kí ata tó tẹ̀ lé e, òun la ń rẹ́ sórí súyà, òun la ń lọ̀ mọ́ ẹ̀wà àkàrà. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ló ń bá ṣe nígbà gbogbo. N ò tíì dé ilé kan tí wọ́n ti bu àlùbọ́sà nìkan fún àlejò pé oúnjẹ dé. Àlùbọ́sà tiwa kò sì fẹ́ irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí ó ta. Èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ tí mò ń sọ yìí kì í ta, ilẹ̀ tó hù lé ló sì mọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1931, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Mose Coleman, ní káúńtì Toombs ní Georgia, wú àlùbọ́sà tó gbìn. Ó retí pé kó ta bíi ti gbogbo ayé. Dídùn ló bá a. Àkókò náà le fún àgbẹ̀, nítorí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ láti nǹkan bí ọdún méjì. Títà rẹ̀ kò kọ́kọ́ yá, àwọn ènìyàn kò mọ irú àlùbọ́sà bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n Coleman tẹra mọ́ ọn títí ó fi rí i tà ní dọ́là 3.50 fún àpò oníwọ̀n pọ́n-ùn 50, ìyẹn bíi kìlógíráàmù 23. Owó ńlá ni nígbà náà. Àwọn àgbẹ̀ tó yí i ká gbọ́, wọ́n gbin tiwọn. Láàárín àwọn ọdún 1940, ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ọjà àgbẹ̀ kan sí ìlú Vidalia, nítorí oríta ni ìlú náà, ọ̀pọ̀ títì ló pàdé níbẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò tó ń kọjá rà á, wọ́n gbé e relé, wọ́n sì fi orúkọ ìlú tí wọ́n ti rà á pè é. Báyìí ni àlùbọ́sà Vidalia ṣe rí orúkọ.

Ilẹ̀ oníyanrìn ni ilẹ̀ àgbègbè yẹn, imí ọjọ́ inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Òjò máa ń fọ̀ ọ́ lọ. Imí ọjọ́ yìí sì ni àlùbọ́sà fi ń rọ ohun ìjà rẹ̀. Nínú ara àlùbọ́sà, ohun méjì ń gbé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan jẹ́ èròjà tó ní imí ọjọ́ nínú, èkejì jẹ́ ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní alliinase. Níwọ̀n ìgbà tí àlùbọ́sà bá wà lódindi, wọn kì í pàdé, ìdí nìyẹn tí odindi àlùbọ́sà kì í fi í rùn títí a ó fi gé e. Ọ̀bẹ ló ń wó ògiri àárín wọn. Bí wọ́n bá ti kan ara wọn, èròjà náà á fọ́, apá kan nínú rẹ̀ á di afẹ́fẹ́ tó ń lọ bá ojú ẹni tó di ọ̀bẹ mú, omijé á sì bọ́. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Japan fi hàn pé ẹ́ńsáìmù mìíràn tún wà tó ń parí iṣẹ́ afẹ́fẹ́ apanilójú yìí, tó yàtọ̀ sí alliinase. Àlùbọ́sà tó bá hù níbi tí imí ọjọ́ ti ṣọ̀wọ́n kò rí irin tó pọ̀ tó fi rọ idà.

Nítorí náà, adùn rẹ̀ kì í ṣe ti ṣúgà tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn mìíràn tó ń tà á, gbà pé ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Ṣúgà inú àlùbọ́sà tó ń ta, irú èyí tó máa ń pẹ́ nílẹ̀, kò kéré sí tirẹ̀. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ jù ú lọ. Ìtalẹ́nu ló bo ṣúgà náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìtalẹ́nu kò bá sí, ahọ́n á rí ohun tó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí mo ti rí àwọn tó ń bu ṣúgà sínú àwo àlùbọ́sà yìí, ó sì máa ń dùn mí. Wọ́n ń fi ariwo bo ohùn tó dára.

Ohun kejì tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ara rẹ̀ lómi ju ti èyí tó ń ta lọ. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó tètè ń ha, ó sì tètè ń jẹrà. Ní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń fọ́n irúgbìn rẹ̀, wọ́n á lọ́ ọ sí oko ńlá ní ìparí ọdún, ọwọ́ ni wọ́n fi ń lọ́ ọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń kórè rẹ̀ láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹfà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìnàró-ìbẹ̀rẹ̀ yìí ló wá láti Mexico, ẹ̀yìn wọn ló sì ń ru àlùbọ́sà tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn oníṣòwò kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó àlùbọ́sà ibòmíràn sínú àpò tí wọ́n kọ Vidalia sí. Ní ọdún 1986, àwọn aṣòfin Georgia fi òfin de orúkọ náà: inú káúńtì 20, àwọn mìíràn lódindi, àwọn mìíràn lápá kan, nìkan ni a ti lè gbin ohun tí a ó pè bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀ ní ọdún 1989, nígbà tó sì di ọdún 1990, Georgia sọ ọ́ di ẹ̀fọ́ tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ wọn. Àlùbọ́sà dídùn wà níbòmíràn ní Amẹ́ríkà, bíi Walla Walla ní ìpínlẹ̀ Washington àti ti erékùṣù Maui, wọ́n sì dára fún oúnjẹ yìí bákan náà. Ti Georgia ni mo mọ̀.

Casserole ni wọ́n ń pe irú oúnjẹ yìí, ọ̀rọ̀ Faransé tó jẹ́ orúkọ ìkòkò kó tó di orúkọ ohun tí a sè nínú rẹ̀. A kì í fi òun nìkan ṣe oúnjẹ. Ẹ̀gbẹ́ ẹran ló ń jókòó sí, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ àti èéfín ṣe lọ́jọ̀ ní Àjíǹde, tòlótòló nígbà Ìdúpẹ́ oṣù kọkànlá, tàbí adìyẹ díndín ní ọjọ́ kọ́jọ́. Ó sì jẹ́ oúnjẹ àwùjọ. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń ṣe ìnáwó ló ń se. Lọ́dọ̀ wọn, pàápàá nílé ìjọsìn àti nílé òkú, àwọn àlejò ló ń gbé àwo wá. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ládùúgbò, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, tábìlì ilé ọlọ́fọ̀ á ti kún fún irú àwo báyìí, tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ sílífà bò. Wọ́n á lẹ orúkọ wọn mọ́ ìdí àwo náà kí onílé lè mọ ẹni tí yóò dá a padà fún tí ìbànújẹ́ bá rọlẹ̀. Mo fẹ́ràn àṣà yìí gidigidi. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kò ní máa ronú ohun tí yóò sè.

Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tí wọ́n ń gbà bá omi àlùbọ́sà ṣe àdéhùn tí màmá yẹn sọ. Àwọn kan ń lé e jáde. Wọ́n á se àlùbọ́sà nínú bọ́tà títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ pátápátá, wọ́n á tò ó ní ìpele ìpele pẹ̀lú wàràkàṣì àti bísíkítì oníyọ̀ tí wọ́n fọ́. Ritz ni ọ̀pọ̀ ń lò, bísíkítì kan tó dé ọjà ní ọdún 1934, tó sì ti di ará ilé ní ilé ìdáná ibẹ̀. Ó dùn, ó sì yá. Àwọn kejì kì í lé omi náà, wọ́n ń wá ẹni tí yóò mu ún: ìrẹsì. Ọ̀nà kejì yìí ni màmá náà kọ́ mi, òun náà ni mo yàn láàyò, nítorí ohun kan ò ṣòfò nínú rẹ̀. Omi tí àlùbọ́sà bá sun, adùn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kó di ooru lọ sókè àjà ti pàdánù apá kan nínú ohun tó rà.

Ìrẹsì náà kì í ṣe àlejò ní Georgia. Kí òwú tó gbajúmọ̀, ìrẹsì ni ọrọ̀ etíkun Georgia àti South Carolina, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì gbìn ín nínú ẹrẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn wá láti apá Senegal, Gambia àti Sierra Leone, níbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ oko ìrẹsì kí òyìnbó tó dé. Bí mo bá ń da ìrẹsì sínú àwo yìí, mo máa ń rántí wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná. Fún ènìyàn mẹ́jọ sí mẹ́wàá, àlùbọ́sà dídùn ńlá mẹ́rin tó, bíi kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀ kí a tó bó o. Kọ́kọ́ gbé e sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òtútù máa ń dín agbára afẹ́fẹ́ apanilójú náà kù, nítorí èyí tí kì í ta pàápàá ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ọ̀bẹ mú. Ọ̀bẹ kíkú ń tẹ àlùbọ́sà fọ́ ni, kì í gé e.

Bí a ṣe gé e ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Àlùbọ́sà ní iṣan tó gùn láti ìdí dé orí. Bí ọ̀bẹ bá tẹ̀ lé iṣan náà, awẹ́ rẹ̀ á dúró gbọn-in bó ti wù kí iná pẹ́ tó. Bí ọ̀bẹ bá dá iṣan náà lágbedeméjì, á rọ̀ wọ̀ọ̀. Fún oúnjẹ yìí, èyí tó rọ̀ ni mo fẹ́: la odindi sí méjì láti orí dé ìdí, dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí o wá rẹ́ ẹ gba ìbú, kó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Bí o bá rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jù, á yọ́ di àsáró. Ṣíbí ò ní rí ohun kan gbá mú.

Wá ìkòkò tó fẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ ló ṣe kókó, nítorí nínú ìkòkò tó jìn, àlùbọ́sà á kó lé ara wọn lórí, ooru á há sí abẹ́, wọ́n á sì máa bọ̀ nínú omi ara wọn. Yọ́ ọgọ́ta gíráàmù bọ́tà lórí iná tí kò le, da àlùbọ́sà sí i, kí o sì wọ́n ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Iyọ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ méjì: ó ń fún un ládùn, ó sì ń pe omi jáde kúrò nínú ara rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, wàá rí i tí omi gun ìkòkò. Má ṣe bẹ̀rù, má sì dé e. Máa rò ó jẹ́jẹ́. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25, òkìtì àlùbọ́sà náà á ti wálẹ̀ tó ìdajì, á máa dán bíi gíláàsì, á sì ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Fi ṣíbí pín in sọ́tùn-ún sósì: bí omi tó kù ní ìsàlẹ̀ bá fẹ́ẹ́rẹ́, tó ń rọra padà wá pàdé láàárín, ó tó.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé àlùbọ́sà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ló dùn jù. Òótọ́ ni pé bí a bá fi wákàtí kan sè é lórí iná kékeré, ṣúgà inú rẹ̀ á pọ́n, á sì fún un ní adùn tó jinlẹ̀. Ìyẹn dára fún ọbẹ̀ àlùbọ́sà àwọn ará Faransé. Nínú àwo tiwa, adùn pípọ́n yẹn á gun wàràkàṣì lórí, kò sì ní sí ìdí tí a fi ra àlùbọ́sà tí kì í ta. Ẹ̀lẹ̀ là ń wá níhìn-ín. Iná sì ti ṣe iṣẹ́ mìíràn láìsọ̀rọ̀: ó ti pa ẹ́ńsáìmù, ìjà ti parí.

Bí àlùbọ́sà ti ń rọ̀, bọ ìdajì kọ́ọ̀pù ìrẹsì gígùn, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún gíráàmù, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí o sì ṣẹ́ omi rẹ̀ nù. Ẹni tó bá ti bọ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù rí mọ ipò tí mò ń sọ: òde rẹ̀ ti rọ̀, àárín rẹ̀ ṣì le. Àárín tó le yẹn ni ilé tí omi àlùbọ́sà yóò wọ̀. Bí ìrẹsì bá ti jinná tán kó tó dé inú àwo, kò ní lè mu ohunkóhun mọ́, a ó sì padà sí ọ̀ràn ọjọ́ Àìkú mi.

Ọ̀rọ̀ wàràkàṣì gba àkíyèsí. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Swiss, oníhò, tí wọ́n ṣe bíi ti àwọn ará Switzerland, ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ó ń yọ́ dáadáa, ó sì ní adùn bí ẹ̀pà tó bá àlùbọ́sà mu. Cheddar tí kò tíì gbó náà ṣeé lò. Èyí tó ti gbó púpọ̀ kì í yọ́ dọ́gba, ọ̀rá rẹ̀ máa ń ya kúrò. Igba gíráàmù ó lé márùndínlọ́gbọ̀n tó. Jọ̀ọ́, fi ọwọ́ ara rẹ rin ín. Èyí tí wọ́n ti rin sínú ọ̀rá ní ilé ìtajà, wọ́n ti fi ìyẹ̀fun sítáàṣì tàbí ti igi pa á lára kó má lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó lẹ̀ nínú ọ̀rá ni kò ní jẹ́ kó yọ́ pọ̀ dáadáa nínú àwo.

Kí ló tilẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wàràkàṣì bá ń yọ́? Àwọ̀n ni wàràkàṣì. Purotéènì mílíìkì ló hun àwọ̀n náà, kálísíọ́ọ̀mù ni kókó tó so ó, ọ̀rá àti omi sì há sínú ihò rẹ̀. Bí ooru bá dé, ọ̀rá á kọ́kọ́ yọ́, lẹ́yìn náà àwọ̀n á dẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì máa ṣàn. Bí ooru bá le jù tàbí tó pẹ́ jù, àwọ̀n á fún padà, á pọn ọ̀rá jáde bí ẹni fún aṣọ tútù. Òróró tí a ń rí lójú irú oúnjẹ yìí ní ilé àsè kan, ibẹ̀ ló ti wá, iná tó pọ̀ jù ló sì fà á.

Níhìn-ín ni mo ti máa ń dáhùn ìbéèrè tí àwọn ará ilé ń bi mí lórí fóònù: ṣé wàrà àwọn Fúlàní kò lè ṣe é? Wàrà tí a ń rà ní Ìlọrin, Ṣakí tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ wàràkàṣì gidi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dé ìdí. Oje ewé bọmubọmu ló mú un dì, ṣùgbọ́n orí iná ló ti dì, nínú mílíìkì tó ń lọ sí híhó. Ooru yẹn ti so àwọn purotéènì mìíràn mọ́ àwọ̀n náà, kókó rẹ̀ kò sì ní tú mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi lè dín in nínú òróró gbígbóná tí yóò fi wà ní gígé tí a gé e, tí òde rẹ̀ á pọ́n, tí inú rẹ̀ á rọ̀. Ìwà rere ni fún wàrà díndín. Nínú àwo àlùbọ́sà yìí, á jókòó ní gbọ́ngbọ́ láìyọ́. Ó ṣeé jẹ, ó sì dùn, àmọ́ oúnjẹ mìíràn ni.

Da ìrẹsì, àlùbọ́sà àti omi díẹ̀ tó kù lára rẹ̀ pọ̀ nínú abọ́ ńlá. Jẹ́ kó fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ooru rẹ̀ dín, kí o tó da ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wàràkàṣì sí i, pẹ̀lú nǹkan bí mílílítà 160 kíríìmù, ìyẹn ọ̀rá tó máa ń léfòó lójú mílíìkì. Kíríìmù dára ju mílíìkì lásán lọ, nítorí ọ̀rá inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè dì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí iná. Gún ata dúdú díẹ̀ sí i. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń rin nutmeg sí i. Èmi máa ń rin ariwo, èyí tí a ń fi sí ọbẹ̀ olóòórùn dídùn nílé, díẹ̀ péré, nítorí ó lágbára. Tọ́ ọ wò kí o tó fi iyọ̀ kún un. Wàràkàṣì ti gbé iyọ̀ tirẹ̀ wá.

Fi bọ́tà ra inú àwo ìyan, èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 23 sí 33 ló yẹ, da àpòpọ̀ náà sí i, tẹ́ ẹ dọ́gba, kí o sì bò ó. Ófùn ní láti wà ní digirí 325 ní ìwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn bíi 163 ní ti Celsius. Ìwé ìdáná púpọ̀ máa ń sọ pé 350, mi ò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìrẹsì fẹ́ àkókò láti mumi, wàràkàṣì sì fẹ́ ìrẹ̀lẹ̀ iná. Fún ogójì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, bíbò ni kó wà. Lábẹ́ ìbòrí yìí ni ìrẹsì àti àlùbọ́sà ti ń parí àdéhùn wọn: àlùbọ́sà ń sun, ìrẹsì ń fà á mu, sítáàṣì inú ìrẹsì ń wú, ó sì ń sọ kíríìmù di ọbẹ̀ tó ki.

Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ṣí i. Ti igun àwo náà sókè díẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìdìmú. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá rọra sún bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán, ó ń lọ dáadáa. Bí omi bá sáré lọ sí igun kejì, dá a padà láìbò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tó fi ohunkóhun sí i lórí. Màmá yẹn kì í wo aago rárá. Títẹ̀ àwo ni wọ́n fi ń mọ̀.

Fọ́ bísíkítì oníyọ̀ bíi ọgbọ̀n sínú abọ́, kó má kúnná bí ìyẹ̀fun, kó ṣì ní ègé tí eyín lè bá pàdé. Fi ọgbọ̀n gíráàmù bọ́tà tó ti yọ́ pò ó, bọ́tà yìí ló ń fi ọ̀rá bo bísíkítì kí ooru omi ìsàlẹ̀ má tètè rin ín. Da wàràkàṣì tó kù sójú oúnjẹ, fọ́n bísíkítì lé e, kí o sì dá a padà sínú ófùn fún ogún ìṣẹ́jú láìbò. Àwọn kan ń fọ́n bísíkítì láti ìbẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan gbáko á sọ ọ́ di eérú tàbí ẹ̀tù tútù, kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Ìwọ̀n Parmesan tó kún ọwọ́ kan lè bá bísíkítì lọ tí o bá ní. Gbígbẹ ni, kì í yọ́ bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ó ń pọ́n dáadáa.

Kó jáde láti inú iná kò túmọ̀ sí pé ó parí. Gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo mọ bí èyí ṣe le tó nígbà tí òórùn rẹ̀ bá ń pe gbogbo ilé, tí àwọn ọmọ sì ti jókòó. Nínú àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọbẹ̀ ṣì ń hó ní abẹ́, àwọ̀n wàràkàṣì sì ṣì tú. Bí ooru ti ń wálẹ̀, sítáàṣì á dì mú, wàràkàṣì á so padà, ìrẹsì á sì fa èyí tó kù. Ṣíbí tó bá wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á gbé ègé kan jáde tó dúró lórí ara rẹ̀, tí okùn wàràkàṣì ń tẹ̀ lé.

Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu, tí kò rí Vidalia, kò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù. Àlùbọ́sà funfun dára jù fún un. Èyí tó pupa tí a ń kó wá láti Òkè Ọya dùn tí a bá sè é, nítorí iná ń pa ìtalẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ àwọ̀ pupa rẹ̀ máa ń yí padà di eérú nínú kíríìmù, ojú oúnjẹ náà kì í sì í wu ni. Àlùbọ́sà tó ń ta kò lómi tó ti Georgia, nítorí náà dín ìrẹsì kù díẹ̀, kí o sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún èyí tí yóò lò nínú bọ́tà. Bí kò bá sí ófùn, ìkòkò ńlá tó ní yanrìn gbígbóná ní ìsàlẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń yan kéèkì, lè ṣe é. Ojú rẹ̀ ni kò ní pọ́n tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà yan bísíkítì náà lọ́tọ̀ nínú agbada títí yóò fi pọ́n, kí o tó fọ́n ọn lé e ní ìkẹyìn.

Bí ó bá ṣẹ́kù, fíríìjì ni kó sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, á ti dì gbagidi. Gé e ní ìwọ̀n ọwọ́, fi bọ́tà kékeré gbé e kaná nínú agbada títí abẹ́ rẹ̀ yóò fi pọ́n, kí o sì dín ẹyin kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.